Ẹ Bi Wá Léèrè Nípa Kọ̀ǹpútà: Windows Tó Dúró Lójú Ọ̀nà

Ìbéèrè láti Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni mí. Lápútọ́ọ̀pù tí mo ń lò ti pẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ mi, inú rẹ̀ sì ni gbogbo àkọsílẹ̀ máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wà. Nígbà tí mo gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10, mo ra fíláàṣì kan lọ́jà, mo sì ní kí ọmọ àbúrò mi bá mi fi Windows 11 sí i. Apá kejì lórí háàdì dísìkì, èyí tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, ni a ní kó wọ̀ sí. Ó ń lọ geerege títí ó fi dé 37%, ibẹ̀ ló sì dúró sí. A pa kọ̀ǹpútà, a tún un bẹ̀rẹ̀, 37% náà ló tún dúró sí. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adó sọ pé háàdì dísìkì ti kú. Ẹlòmíràn ní mọ́dábọọ̀dù ni, pé kí n lọ wá owó ńlá. Èwo ni kí n gbà gbọ́, báwo ni n ó sì ṣe ṣe é tí iṣẹ́ àwọn ọmọ yìí kò fi ní ṣòfò?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìrọ́jú, olùkọ́ wa. Kí a tó wá ẹni tó jẹ̀bi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi kó àkọsílẹ̀ máàkì àwọn ọmọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni háàdì dísìkì náà ń ṣàìsàn, gbogbo ìgbà tí a bá tún di ẹrù fáìlì rù ú ni à ń sún un mọ́ ọjọ́ tí kò ní dáhùn mọ́. Bí ara rẹ̀ bá sì le, ewu mìíràn ṣì wà: lójú ibi tí Windows ti ń béèrè apá tí ẹ fẹ́ kó wọ̀ sí, àṣìtẹ̀ ẹyọ kan ti tó láti pa apá tí fáìlì yín wà rẹ́.

Bí Windows 10 bá ṣì ń tàn, ẹ tipasẹ̀ rẹ̀ kó àwọn fáìlì náà sórí fíláàṣì mìíràn tàbí háàdì dísìkì àfọwọ́gbé. Bí kò bá tàn mọ́, ẹ ní kí ọmọ yín gbé Ubuntu, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, sórí fíláàṣì kan, kí ó sì tan kọ̀ǹpútà láti orí rẹ̀. Bí ojú ìwé àkọ́kọ́ bá yọ, ẹ yan ibi tí wọ́n kọ Try Ubuntu sí, ẹ má yan Install. Ubuntu yóò máa ṣiṣẹ́ nínú RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí fúngbà díẹ̀, kò ní fọwọ́ kan háàdì dísìkì yín, ẹ ó sì lè ṣí àpò àwọn fáìlì yín kí ẹ kó wọn jáde. Ohun kan wà tó lè dí yín lọ́wọ́: bí ó bá jẹ́ pé BitLocker ti ti dísìkì náà pa, Ubuntu yóò béèrè kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48. Inú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà náà ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún sábà máa ń wà. Mo fẹ́ kí ẹ parí èyí ná. Kọ̀ǹpútà ṣeé rà padà, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta máàkì odidi ọdún kan.

Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ó dúró lóòótọ́. Nọ́ńbà tí Windows ń fi hàn kì í ṣe aago. Lórí háàdì dísìkì àtijọ́, irú èyí tó ní àwo tó ń yí nínú, ó lè jókòó pẹ́ sórí nọ́ńbà kan kó tó fò lọ sí òmíràn. Ẹ wo iná kékeré tó ń sọ nípa dísìkì lára lápútọ́ọ̀pù yín, bí ó bá ní in. Bí iná náà bá ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ tẹ bọ́tìnì Caps Lock. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà ṣì ń gbọ́ràn, ohun kan ló ń dúró dè. Bí iná náà kò bá yí padà rárá, tí ọfà máòsì náà kò sì kúrò lójú kan, a jẹ́ pé ó ti gan. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fún un ní wákàtí kan gbáko kí ẹ tó pa á. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ṣájà sì wà lára rẹ̀, nítorí pé a mọ bí iná ṣe ń ṣe ní àdúgbò wa, bí ó bá sì lọ nígbà tí bátìrì kò lágbára, iṣẹ́ náà yóò dàrú, ẹ ó sì máa fi ẹ̀sùn kan ohun tí kò ṣẹ̀.

Ní báyìí, ibi tó ń dúró sí ni ẹ̀rí tó tóbi jù lọ lọ́wọ́ yín, ó sì dùn mí pé kò sí èyí tó béèrè nípa rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì tí ẹ lọ bá. Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí ní. Ní ìpele kìíní, èyí tí ẹ wà yìí, kọ̀ǹpútà ń ka fáìlì láti inú fíláàṣì, ó ń tú u palẹ̀ nínú RAM, ó sì ń kọ ọ́ sórí háàdì dísìkì. Bí alágbàṣe mẹ́ta tó ń na búlọ́ọ̀kù síra wọn ní ibi ìkọ́lé ló rí: bí ẹnì kan bá dúró, gbogbo wọn dúró, ẹni tó ń wò wọ́n láti òkèèrè kò sì ní mọ ẹni tó fà á. Ní ìpele kejì, lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá ti pa ara rẹ̀ tó sì tún tàn, kò nílò fíláàṣì mọ́. Àwọn ohun èlò tó wà lára rẹ̀ ló ń wá kiri, tó ń mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá gan níbẹ̀, kí ó yọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, módẹ́ẹ̀mù àti ohunkóhun mìíràn tó so mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kí ó wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà náà ti gbé BIOS tuntun, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó bẹ̀rẹ̀, jáde fún un. Ní ìpele kẹta, tí Windows ti ń béèrè orúkọ àti orílẹ̀-èdè, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń wá, nẹ́tíwọọ̀kì tó ń fà ló sì sábà máa ń dá a dúró níbẹ̀.

Tiyín dúró ní ìpele kìíní, ojú kan náà ló sì dúró sí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Èyí ṣe pàtàkì gidigidi. Ọ̀nà kan náà ni iṣẹ́ yìí máa ń gbà, fáìlì kan náà ló sì máa ń kàn ní àkókò kan náà. Nítorí náà, bí ó bá ń dúró sójú kan, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé fáìlì kan wà nínú fíláàṣì tí kò ṣeé kà, tàbí pé ibì kan wà lórí háàdì dísìkì tí kò gba nǹkan mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ó dúró ní 12% lónìí, tó dúró ní 70% lọ́la, tó sì tún gan kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá ní ọ̀túnla, ooru, RAM tàbí iná ni n bá ní kí ẹ fura sí, nítorí pé ooru kò mọ 37% yàtọ̀ sí 70%.

Fíláàṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ mú wá síwájú adájọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọjà ni ẹ ti rà á, àti nítorí pé àyẹ̀wò rẹ̀ kò ná yín ní nǹkan kan. Àwọn fíláàṣì kan wà níta tí wọ́n kọ 64 GB sí lára, ṣùgbọ́n tí ohun tó wà nínú wọn kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tó ṣe wọ́n ti kọ́ wọn láti máa pa irọ́ fún kọ̀ǹpútà pé àwọn fẹ̀. Bí ẹ bá ń kó nǹkan sínú irú rẹ̀, kò ní ráhùn. Yóò máa gbà á, yóò máa gbà á, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti kọjá ìwọ̀n rẹ̀ gan-an kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ bá padà wá kà á. Orúkọ fáìlì á wà, inú rẹ̀ á jẹ́ pàǹtírí. Sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní H2testw, tó máa ń kọ nǹkan kún inú fíláàṣì títí yóò fi kún, tó sì máa ń kà á padà láti wò ó bóyá ohun tó kọ ló kà. Bí fíláàṣì yín bá jẹ́ ayédèrú, ibẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ yóò ti tú. Microsoft ní kí fíláàṣì tí a ó lò má kéré sí 8 GB. Èyí tó jẹ́ 16 GB tòótọ́ dára ju ayédèrú tó ń pe ara rẹ̀ ní 64 lọ.

Bí fíláàṣì bá yege, ó ku fáìlì tó wà nínú rẹ̀. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá já nígbà tí ọmọ yín ń gba Windows 11 sílẹ̀, fáìlì náà lè má pé, síbẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ pé. Bí ó bá jẹ́ ISO, ìyẹn fáìlì ńlá kan tí a di gbogbo Windows sínú rẹ̀, láti ojúlé Microsoft ló gbà, nọ́ńbà àyẹ̀wò kan wà lójúlé náà tí wọ́n ń pè ní SHA256. Kí ó ṣí Command Prompt, ojú dúdú tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, níbi tí fáìlì náà wà, kí ó kọ certutil -hashfile Win11.iso SHA256, kí ó fi orúkọ tí fáìlì tirẹ̀ ń jẹ́ rọ́pò Win11.iso, kí ó sì tẹ Enter. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìlà kan yóò jáde tó jẹ́ àpapọ̀ lẹ́tà àti nọ́ńbà, 64 ni gbogbo rẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì jókòó tì í, kí ẹnì kan máa pe ti Microsoft, kí ẹnì kejì máa wo èyí tó jáde. Bí ẹyọ kan péré bá yàtọ̀, kí ó gba fáìlì náà sílẹ̀ lọ́tun. Kí ó má sì ṣe fi ọwọ́ lásán kó àwọn fáìlì sínú fíláàṣì, nítorí pé fíláàṣì tí a fi ìlànà FAT32 pín kì í gba fáìlì ẹyọ kan tó bá tó 4 GB, ẹyọ kan sì wà nínú ISO Windows tó sábà máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí Rufus, sọ́fítíwíà tó ń gbé ISO sórí fíláàṣì, tàbí irinṣẹ́ Microsoft fúnra rẹ̀ ṣe é, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yanjú èyí. Bí ẹ bá ń tún un dán wò, ẹ ki fíláàṣì náà bọ ojú ihò mìíràn lára lápútọ́ọ̀pù, kí ẹ má sì fi okùn kankan sáàárín.

Bí fíláàṣì tuntun àti fáìlì tó pé bá tún dúró ní tòsí 37%, ẹni tó sọ̀rọ̀ háàdì dísìkì ní Adó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsí ẹ̀rí. Ẹ tún tan kọ̀ǹpútà láti orí fíláàṣì Ubuntu yẹn, ẹ ṣí ètò tí wọ́n ń pè ní Disks, ẹ tẹ háàdì dísìkì yín, kí ẹ sì yan SMART Data & Self-Tests nínú àkójọ tó bá yọ. Ìlà méjì ni kí ẹ wá. Reallocated Sector Count ń sọ iye ojú tí dísìkì ti pa tì nítorí pé wọ́n ti bàjẹ́. Current Pending Sector Count ń sọ iye èyí tó ń gbìyànjú láti kà tí kò sì tíì rí kà. Ó yẹ kí méjèèjì jẹ́ òdo. Bí ìkejì kò bá jẹ́ òdo, tó sì ń pọ̀ sí i bí ẹ ṣe ń wò ó lọ́jọ́ sí ọjọ́, ẹ má náwó àtúnṣe lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá ń gbọ́ kà-kà-kà nínú rẹ̀. SSD, irú dísìkì tí kò ní àwo tó ń yí nínú, ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé lápútọ́ọ̀pù náà yóò yára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Bí lápútọ́ọ̀pù yín bá jẹ́ HP, ẹ lè tẹ F2 lásìkò tó bá ń tàn. Bí ó bá jẹ́ Dell, ẹ tẹ F12. Ẹ ó rí ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń yẹ ara rẹ̀ wò níbẹ̀, kò sì nílò Windows láti ṣe é.

RAM kò wù mí kí n fura sí lọ́rọ̀ tiyín, ṣùgbọ́n bí dísìkì náà bá mọ́, Memtest86+, ètò tó ń dán RAM wò, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti orí fíláàṣì ni wọ́n ń tan òun náà, ẹ sì lè fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú. Àṣìṣe ẹyọ kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Bí RAM bá jẹ́ méjì nínú kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ dán èyí tó kù wò, kí ẹ sì pààrọ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ ooru kan gbogbo wa ní Èkìtì, pàápàá nígbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá bo ohun gbogbo. Fífi Windows sórí kọ̀ǹpútà jẹ́ iṣẹ́ àṣelàágùn fún un. Bí eruku bá ti di ihò tí fáànù ń gbà fẹ́ ooru jáde, kọ̀ǹpútà yóò gan tàbí kó kú pátápátá láàárín iṣẹ́. Ẹ má gbé e sórí ibùsùn tàbí tìmùtìmù. Orí tábìlì tó le ni ààyè rẹ̀.

Ní ti mọ́dábọọ̀dù, ẹni tí kò tú kọ̀ǹpútà, tí kò pààrọ̀ fíláàṣì, tí kò wo dísìkì, tí kò dán RAM wò, tó wá dárúkọ ohun tó wọ́n jù lọ nínú rẹ̀, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Mọ́dábọọ̀dù lè bàjẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló yẹ kí a fura sí kẹ́yìn, lẹ́yìn tí a bá ti dá gbogbo àwọn tó kù láre. Ẹ má sì bẹ̀rù pé bóyá kọ̀ǹpútà yín ló kéré jù fún Windows 11. Òótọ́ ni pé ó nílò RAM 4 GB, ààyè 64 GB lórí dísìkì àti TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà), ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá dín nínú rẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ni Windows máa ń kọ̀ yín, kì í dúró di 37% kó tó sọ ọ́.

Ìbéèrè láti Ọyẹ́-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí. Mo fẹ́ fi Ubuntu sórí lápútọ́ọ̀pù mi tó ní káàdì àwòrán Nvidia, ṣùgbọ́n bí mo bá ti yan Install, ojú rẹ̀ á dúdú kirikiri, kò sì ní ṣe nǹkan kan mọ́. Ṣé fíláàṣì ni?

Ìdáhùn

Ó ṣeé ṣe kí fíláàṣì rẹ má jẹ̀bi. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ni wàhálà wà, nítorí pé awakọ̀ (driver), ìyẹn sọ́fítíwíà tí Ubuntu ń lò láti bá káàdì Nvidia sọ̀rọ̀ kò gbọ́ èdè àwọn kan nínú wọn dáadáa. Tún kọ̀ǹpútà náà tàn láti orí fíláàṣì. Nígbà tí àkójọ àkọ́kọ́ bá yọ, má tẹ Enter. Tẹ lẹ́tà e. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ yóò jáde. Wá ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú linux, fi bọ́tìnì ọlọ́fà lọ sí ibi tó ṣáájú àmì ---, kọ nomodeset síbẹ̀, kí àlàfo wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kí o sì tẹ F10. Àwòrán náà lè má fi bẹ́ẹ̀ dára, ṣùgbọ́n yóò yọ. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ó ṣeé ṣe kí o tún ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí o bá tan Ubuntu tuntun náà. Bí o bá ti wọlé, ṣí Terminal, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ, kí o kọ sudo ubuntu-drivers install kí ó lè fi awakọ̀ Nvidia fúnra rẹ̀ sí i, kí o sì tún kọ̀ǹpútà náà tàn.

Bí ó bá wá yọ, ṣùgbọ́n tó dúró láàárín, pa Wi-Fi kí o tó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àtúnṣe tuntun ló ń gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí nẹ́tíwọọ̀kì kò sì gbé e. O lè gba àwọn àtúnṣe náà lẹ́yìn.

Ìbéèrè láti Ìjerò-Èkìtì

Tèmi kì í gan, ṣùgbọ́n bí Windows bá ti dé 100%, tí kọ̀ǹpútà pa ara rẹ̀ tó sì tàn, ojú ìwé àkọ́kọ́ ló tún ń gbé jáde, bí ẹni pé a kò ṣe nǹkan kan.

Ìdáhùn

Ẹ yọ fíláàṣì ní kété tí kọ̀ǹpútà bá ti pa ara rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Orí fíláàṣì ni kọ̀ǹpútà yín tún ń lọ kó tó dé orí háàdì dísìkì, nítorí pé nínú BIOS, fíláàṣì ni wọ́n fi ṣáájú. Windows ti wọlé, kò kàn rí ààyè parí iṣẹ́ tó kù ni. Bí ẹ bá yọ ọ́ tí ojú kọ̀ǹpútà wá sọ pé kò rí ohun tí yóò fi tàn, ẹ wọ inú BIOS, kí ẹ wò ó bóyá Legacy, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà ń gbà tàn, ló wà níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé UEFI, ọ̀nà tuntun, ni wọ́n fi ṣètò fíláàṣì náà. Ẹ yí i sí UEFI, kí ẹ fi háàdì dísìkì ṣáájú, kí ẹ sì tọ́jú àyípadà náà (Save) kí ẹ tó jáde.